Ta Ni Ó Ni Ilé-Ẹ̀kọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a bá yín sọ lórí rédíò ní ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ìbéèrè kan tí ó ti pẹ́ láàrin wa, tí kò sì tíì tán: ta ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́? Ṣé míṣọ́n tí ó dá a sílẹ̀ ni, àbí ìjọba tí ó ń san owó oṣù olùkọ́, àbí òbí tí ó bí ọmọ? Ìbéèrè mẹ́ta mìíràn ni ó fara pamọ́ sínú ọ̀kan yìí. Ta ni yóò yan ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́? Kí ni a ó máa kọ́ àwọn ọmọ? Irú aṣọ wo ni ọmọ yóò wọ̀ wọ kíláàsì? Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn baba wa ti ń dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, síbẹ̀ ìran kọ̀ọ̀kan ni ó ń tún wọn bi. Ẹ jẹ́ kí a tọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ilé-kéú ti wà láàrin wa tipẹ́, pàápàá ní Ìlọrin, ní ilẹ̀ Nupe àti ní ilẹ̀ Hausa, níbi tí àwọn áfáà ti ń kọ́ ọmọ ní kíka èdè Lárúbáwá àti kíkọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀kọ́ ìwé ti àwọn Òyìnbó, àwọn míṣọ́n ni ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ lé e. Ní Badagry ní ọdún 1843, ọ̀gbẹ́ni De Graft àti aya rẹ̀, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rán wá, kó àwọn ọmọ jọ wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Ní ọdún 1859 ni ìjọ Àńgílíkà dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí àwọn Fadá SMA dé Èkó ní ọdún 1868, àwọn náà kò pẹ́ kí wọ́n tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó tí ìjọba ná lórí iṣẹ́ yìí kò tó nǹkan. Ní ọdún 1877 ni ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fún míṣọ́n mẹ́ta, ti Àńgílíkà, ti Mẹ́tọ́díìsì àti ti Àgùdà, ní 200 pọ́ùn lọ́dọọdún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1882 ni òfin ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ jáde, tí ó kan Gold Coast àti Èkó pọ̀. Ní ọdún 1887 ni Èkó ní òfin tirẹ̀. Àwọn òfin wọ̀nyí sọ ohun tí ìjọba yóò fi sílẹ̀, wọ́n sì sọ ohun tí yóò gbà padà: alábẹ̀wò yóò wá wo ilé-ẹ̀kọ́, yóò dán àwọn ọmọ wò, bí wọ́n bá sì ti mọ̀wé sí ni owó ìrànwọ́ yóò ṣe pọ̀ sí.

Èyí ni àdéhùn àkọ́kọ́. Kò pé, ṣùgbọ́n ó yé gbogbo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Míṣọ́n ni ó ni ilé, òun ni ó ń gba olùkọ́ sí iṣẹ́, òun ni ó sì ń ṣètò àdúrà òwúrọ̀. Ìjọba ń fi owó ràn án lọ́wọ́, ó sì ń ṣọ́ bí a ṣe ń ná owó náà. Àwọn òbí ni ẹni kẹta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ wọn. Àwọn ni ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ni ó sì ń po amọ̀, tí wọ́n ń ru omi, tí wọ́n ń gé igi tí a fi kọ́ kíláàsì. Bí ẹ bá dé abúlé tí ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n àtijọ́ wà, tí ẹ sì béèrè ẹni tí ó kọ́ ọ, àwọn àgbà ibẹ̀ kì í dárúkọ Òyìnbó nìkan. Wọ́n á tún dárúkọ àwọn baba wọn.

A kò gbọdọ̀ fi apá kan ìtàn yìí pamọ́. Ọ̀pọ̀ òbí tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ni kò jẹ́ kí ọmọ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí ó bá wọlé gẹ́gẹ́ bí Lásísì lè jáde gẹ́gẹ́ bí Láńrè ọmọ ìjọ. Ẹ̀rù tí ó bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba fi dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nítorí rẹ̀ náà sì ni àwọn Mùsùlùmí Èkó fi dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní ọdún 1923, tí ẹgbẹ́ náà sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn náà ní ohun tí wọ́n ń dáàbò bò, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ní.

Ní ìhà Àríwá, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1903, lẹ́yìn tí Lugard ṣẹ́gun Sokoto, ó ṣe ìlérí pé ìjọba kò ní dá sí ẹ̀sìn àwọn ará ibẹ̀. Láti inú ìlérí yìí ni ìlànà náà ti jáde pé míṣọ́n kò ní dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn ẹ́mírì láìgba àṣẹ. Ìjọba fúnra rẹ̀ gbé Hanns Vischer dìde láti bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Nassarawa ní Kano, ní nǹkan bí ọdún 1909. Nítorí náà, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n pọ̀ bí eéṣú ní Gúúsù, wọn kò pọ̀ ní ilẹ̀ àwọn ẹ́mírì. Àwọn ibi tí a ti gbà wọ́n láyè jùlọ ni àárín àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, àti Sábóńgàrí níbi tí àwọn àlejò ń gbé.

Àlejò náà ni àwọn baba wa. Zungeru, tí kò jìnnà sí Minna, ni ó jẹ́ olú-ìlú Àríwá nígbà náà. Ibẹ̀ ni a ti bí Nnamdi Azikiwe ní ọdún 1904, nítorí pé baba rẹ̀ ń ṣe akọ̀wé níbẹ̀. Rélùwéè ni ó sọ Minna di ìlú ńlá. Ọ̀nà irin tí ó ti Èkó wá, tí ó gba Jẹ́bà kọjá, pàdé èyí tí ó ti Baro lọ sí Kano ní Minna ní nǹkan bí ọdún 1911 sí 1912. Akọ̀wé, awakọ̀ ojú irin, káfíńtà, télọ̀ àti oníṣòwò, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, bá ọ̀nà náà gòkè. Ibi tí wọ́n bá dúró sí, wọn a dá ìjọ sílẹ̀, wọn a sì wá ọ̀nà tí ọmọ wọn yóò fi mọ̀wé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Àríwá, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn ni ibì kan ṣoṣo tí ọmọ Yorùbá ti lè kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì tún gbọ́ Ìwé Mímọ́ ní èdè ìyá rẹ̀. Títí di òní, ilé-ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan wà ní Minna tí ó ń jẹ́ orúkọ Fadá Àgùdà kan, Father O'Connell Science College. Bí ọmọ tí ó ń kàwé níbẹ̀ kò bá tilẹ̀ mọ ẹni tí ó ń jẹ́ O'Connell, orúkọ náà ṣì ń sọ̀rọ̀.

Nígbà náà ni àkókò gbígbà dé. Ìrìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ tí ó lé ní 800,000 ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí ó wà níbẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú. Míṣọ́n ṣì ni ó ń ṣàkóso ọ̀pọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n owó òbí ti kúrò nínú rẹ̀, ti ìjọba ni ó kù. Ìdùnnú ńlá ni, a kò sì gbọdọ̀ bu ọlá rẹ̀ kù. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà ni àwọn òbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé-ẹ̀kọ́ bí ohun tí ìjọba ń fún wọn. Wọn kò wò ó mọ́ bí ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́.

Ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970, ìjọba East Central State sì gbé òfin jáde ní ọdún náà gan-an, tí ó gba gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kúrò lọ́wọ́ míṣọ́n. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n ti bọ́ sí ọwọ́ ìjọba. Àwọn olùkọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kọ̀ ọ́, nítorí pé owó oṣù wọn di ọ̀kan náà pẹ̀lú ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, owó ìfẹ̀yìntì wọn sì dájú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò bá tí rí àyè rí i. Ọmọ Mùsùlùmí ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́, baba rẹ̀ kò sì ní ìdí láti bẹ̀rù.

Kí ni ó wá burú? Ohun tí ó burú ni pé àṣẹ ni a fi gbà á. A kò jókòó ṣe àdéhùn. Ìjọba ológun kọ òfin, ó sì parí. A kò sọ bóyá orúkọ ẹni mímọ́ tí ó wà lára ògiri ṣì ní ìtumọ̀. A kò sọ bóyá ìjọ tí ó ni ilẹ̀ ní ohùn nínú yíyan ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. A kò sọ irú àdúrà tí a ó máa gbà ní òwúrọ̀. Ní ibì kan, ìjọ àti ìjọba ń bá ara wọn lò bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ní ibòmíràn, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ Fadá tí ó wá kọ́ àwọn ọmọ ní katikísímù. Ohun gbogbo wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wà ní ipò. Ohun tí a kò bá sì sọ kalẹ̀ nígbà tí ara rọ̀, nínú ìjà ni a ó ti sọ ọ́.

Ìjà àkọ́kọ́ tí ó dé ilé-ẹjọ́ ńlá ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Lateef Jakande di gómìnà ní ọdún 1979, ó sì pinnu pé gbogbo ọmọ ni yóò kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé kò ní sí ọmọ tí yóò máa lọ ní ọ̀sán nítorí pé kíláàsì kò tó ní òwúrọ̀. Ó kọ́ kíláàsì tí ó pọ̀ gan-an ní ìwọ̀n ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 1980, ìjọba rẹ̀ fi ìwé ránṣẹ́ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, kò ní sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni mọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà wa nígbà náà ní Èkó, Anthony Olubunmi Okogie, ẹni tí ó di Kádínà ní ọdún 2003, kò gbà. Òun àti àwọn mìíràn gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a ní láti yanjú níbẹ̀ jinlẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1979 sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ sapá láti pèsè ẹ̀kọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ìwé òfin kan náà sì sọ pé olúkúlùkù ní òmìnira láti sọ èrò ọkàn rẹ̀, kí ó sì tan ìmọ̀ kálẹ̀. Èwo ni yóò lékè? Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dáhùn ní ọdún 1981 pé ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tí ènìyàn fi ń tan ìmọ̀ àti èrò kálẹ̀, àti pé ète ìjọba, bí ó ti wù kí ó dára tó, kò lè pa òmìnira náà. Bí a bá rí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó kún gbogbo ìgboro lónìí, ti Kristẹni àti ti Mùsùlùmí, ẹ rántí pé ẹjọ́ yẹn wà lára ohun tí ó ṣí ọ̀nà fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìjọ rí gbà nínú ẹjọ́ náà dáadáa. Ó gba òmìnira láti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú owó ara rẹ̀. Kò gba ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ padà, kò sì gba owó ìjọba. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò gba owó ìjọba, owó òbí ni yóò jẹ. Báyìí ni ó fi ṣẹlẹ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n po amọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n àkọ́kọ́ kò lè san owó tí a ń gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n tuntun. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá, a kò sì ní fi í pamọ́ nítorí pé àwa ni ó kàn.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ilé-ẹ̀kọ́ padà. Èkó dá díẹ̀ padà fún àwọn míṣọ́n láti nǹkan bí ọdún 2001. Anambra ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2011 nígbà tí Peter Obi jẹ́ gómìnà, níbẹ̀ sì ni ìjọba ti ń bá a lọ láti san owó oṣù àwọn olùkọ́ nígbà tí ìjọ ń ṣe àkóso. Ẹ ó rí i pé èyí súnmọ́ àdéhùn ọdún 1877 ju ti àwọn ológun lọ.

Ẹ jẹ́ kí a súnmọ́ ilé wàyí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ wà ní Minna ni ó ti Kwara wá, ìpínlẹ̀ tí ó bá wa pààlà. Ní Ìlọrin, ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n àtijọ́ ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn, Bishop Smith, St. Anthony, Cherubim and Seraphim College, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba sì ń san owó oṣù àwọn olùkọ́ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́ ni a ń pè wọ́n. Àwọn ìjọ sọ pé ìrànlọ́wọ́ kò sọ ni di onílé. Ìjọba àti àwọn òbí Mùsùlùmí sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo ènìyàn ń san owó orí fún, ti gbogbo ènìyàn ni. Ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin ní ọdún 2016, àti ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ọdún 2019, gbè sẹ́yìn èrò kejì yìí.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ọ̀rọ̀ híjáàbù mú kí ìjọba Kwara ti ilé-ẹ̀kọ́ 10 pa ní Ìlọrin. Lẹ́yìn náà ni ó pàṣẹ pé ọmọbìnrin tí ó bá fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Àwọn òbí kó ara wọn jọ sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì sọ òkúta lu ara wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ní ilé-ẹ̀kọ́ Baptist tí ó wà ní Ìjàgbó, ẹnìkan kú, àwọn mìíràn sì farapa. Ọ̀ṣun ti rí irú rẹ̀ ṣáájú: ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn tí adájọ́ kan gba àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí láàyè láti wọ híjáàbù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, àwọn ọmọ Kristẹni kan wọ aṣọ ìjọ wọn wá sí Baptist High School ní Ìwó. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ gbè sẹ́yìn àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí nínú ẹjọ́ ti Èkó.

Ẹ fi ẹjọ́ Kádínà Okogie àti ti híjáàbù sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ìwé òfin tí ó dáàbò bo ìjọ ní ọdún 1981, nínú orí tí ó sọ nípa òmìnira ọmọ ènìyàn, orí yìí kan náà ni ọmọbìnrin Mùsùlùmí dìrọ̀ mọ́. A kò lè gbé òmìnira sókè nígbà tí ó bá jẹ́ tiwa, kí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ ti ọmọ aládùúgbò. Ẹni tí ó bá sì sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti ìjọ ni, ó yẹ kí ó múra láti sọ ohun tí ìjọ ń fi sínú rẹ̀ yàtọ̀ sí orúkọ. Yorùbá ni wá. Nínú agboolé kan náà ni a ti ń jẹ ọdún Kérésì àti ọdún Iléyá. Òkúta tí a sọ ní Ìlọrin, ó ṣeé ṣe kí ó bà ọmọ àbúrò ẹni tí ó sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí kò pin sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1991, ìpínlẹ̀ Minnesota gbé òfin jáde fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní charter school. Àkọ́kọ́ nínú wọn ṣí ní ìlú St. Paul ní ọdún 1992. Ìjọba ni ó ń san owó rẹ̀, ọmọ kò ní san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́, òbí tàbí ẹgbẹ́ kan ni ó ń ṣe àkóso rẹ̀ lábẹ́ ìwé àdéhùn. Ìwé náà sọ ohun tí a ó kọ́ àwọn ọmọ àti ọdún tí àdéhùn yóò fi wà. Bí ilé-ẹ̀kọ́ náà kò bá ṣe dáadáa, wọn yóò gba ìwé náà, wọn yóò sì tì í pa. Àwọn kan yìn ín pé ó fún òbí ní àyè láti yàn. Àwọn mìíràn bú u pé ó ń fa owó kúrò lọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò.

Ìjọ Àgùdà ní Oklahoma fẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ St. Isidore ti Seville, kí ó lè jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí owó ìjọba ń gbé ró. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti ìpínlẹ̀ náà kọ̀ ọ́ ní ọdún 2024. Nígbà tí ẹjọ́ dé Washington, ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àwọn adájọ́ pín sí méjì, mẹ́rin sí mẹ́rin, nítorí náà ìdájọ́ ti Oklahoma dúró. Orílẹ̀-èdè tí ó lówó jù wá lọ kò tíì rí ìdáhùn sí ìbéèrè Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí a lè kọ́: wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ọmọ kankan tó wọ kíláàsì, wọ́n sì fi ọdún sí i.

Bí a bá tilẹ̀ mọ ẹni tí ó ni ilé, ọ̀rọ̀ ohun tí a ń kọ́ nínú rẹ̀ ṣì kù. Ní ọdún 2017, àwọn olórí Kristẹni fi ẹ̀hónú hàn nítorí pé ètò ẹ̀kọ́ tuntun kó ẹ̀kọ́ Kristẹni, ti Mùsùlùmí àti ẹ̀kọ́ ìwà ọmọ ìlú sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ìjọba sì gbà láti ya àwọn ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn náà sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a kọ sínú ìwé kò ní kọ́ ara rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá ní olùkọ́ ẹ̀kọ́ Kristẹni, bí ìwé ètò bá dára tó ti wúrà, ọmọ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Òbí tí kò bá béèrè kò ní mọ̀.

Ti èdè ni ó kàn wá jùlọ. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tayọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Ẹ kíyè sí i pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè ìyá tàbí èdè àdúgbò ni a ó fi máa kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Tunji Alausa tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ ọmọ láti ìpìlẹ̀.

A gbọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n kí ni òfin ọdún 2022 ì bá ṣe fún ọmọ Yorùbá ní Minna? Èdè àdúgbò ní Minna ni Gbagyi, Nupe àti Hausa. Onílé kì í fi èdè àlejò kọ́ ọmọ rẹ̀, a kò sì lè retí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Peckham àti ní Houston. Yálà òfin ọdún 2022 ni, yálà ti ọdún 2025 ni, kò sí èyí tí yóò kọ́ ọmọ wa ní bí a ti ń kí ìyá àgbà ní òwúrọ̀. Àwọn tí rélùwéè gbé wá mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní a-b-d nínú yàrá tí ó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn. Wọn kò dúró de ìjọba.

Ohun kan tún wà tí a kò lè sọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Niger kí a má mẹ́nu bà á. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn wọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Mary's tí ó jẹ́ ti ìjọ wa ní Papiri, ní agbègbè Agwara, wọ́n sì kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ tí ó lé ní 300 lọ. Àwọn kan sá mọ́ wọn lọ́wọ́, a sì rí àwọn yòókù gbà ní oṣù Kejìlá. Kí omijé tó gbẹ, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀: ìjọba ní a ti kìlọ̀ pé kí a má ṣí ilé-ẹ̀kọ́, ìjọ ní ìkìlọ̀ kankan kò dé ọ̀dọ̀ òun. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni àwọn ọmọ inú rẹ̀. Àwọn agbébọn kò béèrè ẹni tí ó ni ilé kí wọ́n tó wọlé. Ọmọ tí ó wà lábẹ́ òrùlé ìjọ, ìjọba ni ó yẹ kí ó ṣọ́ ọ. Ọmọ tí ó wà lábẹ́ òrùlé ìjọba, ó yẹ kí ìjọ gbàdúrà fún un, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ni a wá rí nínú ìtàn yìí? Ní ọdún 1965, Àpéjọ Vatican kejì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òbí ni olùkọ́ àkọ́kọ́ fún ọmọ, pé ìjọ àti ìjọba sì ń ràn án lọ́wọ́ ni. Nígbà tí míṣọ́n àti ìjọba bá ń jà lórí ta ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́, olúwarẹ̀ tí ó kọ́ ọ ni kò sí níbẹ̀. Yorùbá ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹni tí ó ni ọmọ ni kí ó kọ́kọ́ dìde.

A ní ìmọ̀ràn mẹ́ta. Èkíní ni pé ibikíbi tí ìjọba bá ti fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ padà, kí ìjọ má ṣe fi ayọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ nìkan. Kí a kọ àdéhùn: ta ni yóò yan ọ̀gá, irú àdúrà wo ni a ó gbà, kí ni ẹ̀tọ́ ọmọ tí kì í ṣe Kristẹni, àti ọmọ tálákà mélòó ni yóò wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àwọn òbí sì wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń kọ ọ́.

Èkejì ni pé kí òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba má ṣe fà sẹ́yìn nítorí pé àlejò ni òun. Ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Ẹ béèrè bóyá olùkọ́ ẹ̀kọ́ Kristẹni wà. Bí kò bá sí, ẹ bá Fadá yín sọ̀rọ̀, kí a lè wá ẹni tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú àṣẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkèèrè. A mọ̀ pé ẹ máa ń dá owó jọ fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti jáde, ẹ sì máa ń fi kun ilé tàbí kọ́ ẹnu ọ̀nà tuntun. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí díẹ̀ nínú rẹ̀ máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ tí baba rẹ̀ kò lè san án, kí díẹ̀ sì ra ìwé Yorùbá fún yàrá tí ó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn yín, níbi tí ẹ wà.

Olúwa tí ó jókòó láàrin àwọn olùkọ́ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjìlá, kí ó ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní àlọ àti àbọ̀ wọn. Àmín.